Nọ́ńbà ara páálí kọ́ ni etí ń gbọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Orin ìyìn ni mo máa ń gbà sílẹ̀ nínú yàrá mi n'Íbàdàn, èmi náà ni mo sì máa ń ṣe mixing rẹ̀ (pípa ohùn akọrin àti ti irinṣẹ́ pọ̀ kí wọ́n bára mu). Ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kì í jẹ́ kí n gbádùn iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ra headphone ẹlẹ́yìn dídì, ojúlówó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá owó jọ fún un. Mẹ́rin ni mò ń wò: Sony MDR-Z1R, Focal Stellia, Sennheiser HD 820 àti Dan Clark Stealth. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Sony ni kí n mú, pé ó ń gbé ohùn dé 120,000 Hz, àwọn yòókù ò sì sún mọ́ ọn. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kò sì ní máa dun èèyàn lórí bó bá pẹ́ létí? Mo máa ń lo gílàásì ojú, laptop ni màá sì fi í sí.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ yìí, torí ó ti sú mi. Àwọn èèyàn á ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí headphone, wọ́n á fa ìlà pupa sábẹ́ Hz, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi: "Ọ̀gá, ẹ wo bó ṣe ga tó!" Àwọn tó ń tajà ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́ o. Sony fúnra wọn ló sọ pé MDR-Z1R ń lọ láti 4 Hz dé 120,000 Hz. Ohun tí wọ́n ní kó o fi nọ́ńbà náà ṣe ni kò ṣeé ṣe.

Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Béèsì ń mì díẹ̀, ohùn tín-ín-rín ń mì púpọ̀. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin wà ní nǹkan bíi 41 Hz. Kọ́kọ́rọ́ tó gbẹ̀yìn pátápátá lápá ọ̀tún piano, 4,186 Hz péré ni. Ohun tó wà lókè ìyẹn ni àwọn ìró kéékèèké tó ń bá ohùn rìn, àwọn ló ń jẹ́ ká dá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí agogo. Etí ọmọdé tó dá ṣáká ń gbọ́ dé bíi 20,000. Ọjọ́ orí ń já a wálẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ti lé lógójì, bá a bá ṣì ń gbọ́ 15,000, ká dúpẹ́. Orin tó wà lórí CD gan-an ò lè kọjá 22,050, torí ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdajì iye yẹn ló sì lè gbé. Máíkì tó o fi ń gba akọrin sílẹ̀ ńkọ́? Lọ wo ìwé tó bá a wá. 20,000 ni wọ́n máa ń kọ sí ọ̀pọ̀ wọn.

Ta ló wá fẹ́ gbọ́ èyí tó kù? Àdán. Ṣé àdán lò ń kọrin ìyìn fún ni?

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé nọ́ńbà yẹn ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ó dà bí ẹni tó sọ fún ọ pé ọ̀nà kan lọ láti Ìbàdàn dé Ṣakí, tí kò sọ ihò tó wà lójú ọ̀nà. Wo HD 820. Sennheiser ṣe dáadáa, nọ́ńbà méjì ni wọ́n kọ fún un: 12 sí 43,800 Hz tí a bá gbà kí ohùn fi 3 dB (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó) relẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, àti 6 sí 48,000 Hz tí a bá gbà kó fi 10 dB relẹ̀. Headphone kan náà ni o! Bí wọ́n bá tún gbà kó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà náà á tún gùn sí i. Ohùn tó bá fi 10 dB relẹ̀, lójú etí wa, ó ti dín sí bí ìdajì. Nítorí náà, páálí tó bá kọ Hz tí kò kọ dB sí i, kò tíì bá ọ sọ nǹkan kan.

Jẹ́ kí n fi ibi tó ń dunni gan-an hàn ọ́. Beyerdynamic DT 770 Pro wà ní ọ̀pọ̀ sítúdíò, headphone gidi ni. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ga sókè ní àyíká 8,000 sí 9,000 Hz. Bí akọrin obìnrin bá pe "Jésù", "s" yẹn á ta sí ọ létí. Ẹni tí kò mọ̀ pé headphone ló ń ṣe é, á gba EQ lọ (ohun tí a fi ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀), á máa gé e, á gé e. Tó bá wá di ọjọ́ Sunday tí wọ́n fi orin náà sí spíkà ṣọ́ọ̀ṣì, orin ti kú, ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin ò yéni mọ́. Ní 8,000 ni ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ní 120,000. Ibi tó yẹ kó o tẹ́tí sí nìyẹn.

Owó ńkọ́? Ní 2017, Jeroen Breebaart, onímọ̀ nípa ohùn, tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe lórí headphone 283. Kò rí ohunkóhun tó so iye tí wọ́n ń tà wọ́n pọ̀ mọ́ bí ohùn wọn ṣe tẹ́jú tó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Sony kan náà tó kọ 120,000 ló ń ta MDR-7506 láti 1991, 10 sí 20,000 Hz ló wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn mẹ́rin tó ò ń wò, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ rédíò àti sinimá ṣì ń gbé sórí títí di òní.

Mi ò sọ pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó o kà sílẹ̀ ò dára o. Iṣẹ́ ńlá wà nínú wọn. Bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú headphone, èyí tó ń mú ohùn jáde, bá mì síwájú, ó ń mì sẹ́yìn náà. Bí ẹ̀yìn bá ṣí, ohùn ẹ̀yìn á bá tiẹ̀ lọ. Bó bá dí, á lu ògiri, á padà wá bá ti iwájú jà. Ìjà yẹn ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Sennheiser fi gíláàsì tó tẹ̀ wọnú sẹ́yìn rẹ̀ kó lè darí ohùn lọ síbi tí wọ́n á ti gbé e mì. Dan Clark, tó wà ní San Diego, fi nǹkan oníhò wẹ́wẹ́ sáàárín awọ àti etí láti pa ohùn tó ń ta padà. Ó ṣiṣẹ́ gan-an.

Ní báyìí, gílàásì rẹ. Èyí gan-an ló yẹ kó o kọ́kọ́ bi mí. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ago etí ni headphone ẹlẹ́yìn dídì fi ń gbé béèsì. Ẹsẹ̀ gílàásì gbé tìmùtìmù sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ jò, béèsì bá a lọ. Irun dídì tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni méjì á gbé headphone kan náà sórí, ọ̀kan á ní béèsì rẹ̀ pọ̀ jù, ìkejì á ní kò ní rárá, àwọn méjèèjì ò sì parọ́. Dán an wò báyìí: fi orin oníbéèsì sí i, kó o fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ago náà mọ́ etí díẹ̀. Bí béèsì bá pọ̀ sí i, ó ń jò. Yọ gílàásì, kó o tún gbọ́ ọ. Nínú àwọn mẹ́rin yìí, HD 820 ni mo rí i pé gílàásì máa ń bà jẹ́ jù.

Ariwo jẹnẹrétọ̀, má retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹ̀yìn dídì ń pa ariwo tó mú, ohùn èèyàn àti ìró irin. Hùnùnù ìsàlẹ̀ yẹn á wọlé bá ọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó ń fi bátìrì pa ariwo.

Ti ìrọ̀rùn: HD 820 ló fúyẹ́ jù, 360 g, Sony 385 g, Stealth 415 g, Stellia 435 g. Ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan kọ́. Stealth wúwo ju Sony lọ, síbẹ̀ ọ̀já rẹ̀ pín ẹrù náà ká orí dáadáa. Awọ ẹran ojúlówó ni wọ́n fi ṣe tìmùtìmù Stellia, ó tutù mọ́ ara nínú yàrá tó ní AC. Bí iná bá lọ lóṣù kẹta n'Íbàdàn, àbúrò, òógùn á bò ó, awọ á sì tètè ṣá. Inú headphone ẹlẹ́yìn dídì máa ń gbóná, kò sí èyí tí kì í gbóná, àfi kó o máa ṣí i kúrò létí lóòrèkóòrè.

Laptop rẹ á gbé Stellia dáadáa, kò lágídí. Sony náà á gbìyànjú. HD 820 jẹ́ 300 ohm (ohm la fi ń wọn bó ṣe ń dènà iná tó), ó fẹ́ amplifier, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn. Stealth ò ju 23 ohm lọ, àwọn èèyàn á sì rò pé fóònù á gbé e. Irọ́ ni, awọ tó ń mì nínú rẹ̀ gba agbára púpọ̀ kó tó pariwo. Láìsí amplifier gidi, owó rẹ ti ṣòfò.

Èwo ni kí o wá rà? Ká ní ọmọ ìyá mi ni ọ́, màá ní má ra ọ̀kankan nínú wọn báyìí. Dọ́là 2,300 ni wọ́n gbé Sony náà jáde, Stealth fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000. Ra MDR-7506, tàbí DT 770 Pro 80 ohm tí wọ́n fi àrán bo tìmùtìmù rẹ̀ (àrán kì í gbóná tó awọ, o sì ti mọ̀ nípa "s" rẹ̀ báyìí). Fi owó tó kù ra spíkà sítúdíò, kó o sì fi aṣọ tó nípọn bo ògiri yàrá rẹ. Bó o bá takú pé nínú mẹ́rin yìí ni, mú Stealth fún mixing tí owó amplifier bá wà, mú Stellia tí kò bá sí. Sony fún ìgbádùn ni: béèsì rẹ̀ pọ̀, o ò ní fi béèsì tó tó sínú orin tó o bá fi í ṣe. Èrò tèmi lèyí o. Mi ò ta headphone, ẹnikẹ́ni ò sì sanwó fún mi. Orí tìrẹ àti etí tìrẹ ló máa sọ èyí tó bá ọ mu.

Nítorí jẹnẹrétọ̀ yẹn, wàá fẹ́ máa yí ohùn sókè. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí àgbàlagbà má kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ní 80 dB, bí ohùn bá sì ṣe ń ga sí i ni wákàtí náà ń dín kù kíákíá. Mi ò kì í ṣe dókítà. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn iṣẹ́ tí kò sì lọ, lọ rí dókítà etí, má bi mí.

Ayédèrú MDR-7506 pọ̀ nígboro, nítorí náà má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú tàn ọ́. Wọ gílàásì tó ò ń lò lójoojúmọ́ lọ síbi tó o ti fẹ́ rà á, gbé orin tìrẹ dání, kó o sì gbé headphone náà sórí fún ó kéré tán ìdajì wákàtí. Bí ẹni tó ń tà á bá ní àfi kó o sanwó kó o tó ṣí i, kí i pé ó dàbọ̀.