Ẹ Bi Wá: Kí Ló Ń Gbé Wọn Lọ Sójú Oórì Lọ́dọọdún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi gbé ìyàwó ní Malaysia, ọmọ ìran Ṣáínà ni. Bí oṣù Kẹrin bá ti dé, gbogbo ẹbí ìyàwó a gbé oúnjẹ lọ sí ibojì bàbá àgbà, wọn a sì sun bébà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè ka èdè Ṣáínà dáadáa mọ́, síbẹ̀ wọn kì í pa á jẹ. Kí ló dé? Kí ni ọmọ mi yóò sì ṣe níbẹ̀? – Ìyá Ọkọ, Ìsọ̀kùn, Iléṣà

Ìdáhùn: Màmá, Qingming ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ 4 tàbí 5 oṣù Kẹrin ló sábà máa ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n ní Malaysia, wọ́n lè lọ láti nǹkan bí ọjọ́ 10 ṣáájú títí di ọjọ́ 10 lẹ́yìn rẹ̀, kí gbogbo ọmọ lè ráyè.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Iléṣà, inú ọgbà ilé lojú oórì bàbá sábà ń wà. À ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ṣáá ni. Orí òkè lẹ́yìn ìlú ni tiwọn, àfi kí wọ́n dá ọjọ́. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tó kú sókè òkun, wọ́n á hú egungun rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e padà sábúlé rẹ̀ ní Ṣáínà. Ilé ìwòsàn Tung Wah ní Hong Kong ní ilé tí irú egungun bẹ́ẹ̀ ti ń dúró de ẹbí. Ogun tí Japan gbé ko Ṣáínà ní 1937 àti ìyípadà ìjọba Ṣáínà ní 1949 ló dínà. Ẹni tí wọ́n sin sílẹ̀ àjèjì wá di onílé níbẹ̀. Ara òkúta ibojì ni wọ́n gbẹ́ orúkọ ìlú baba rẹ̀ sí, àti orúkọ àwọn ọmọ. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ ti ń mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Lójú tiwa, ìyẹn lágbára ju ìbẹ̀rù òkú lọ.

Kí ọmọ yín jí ní ìdájí, torí oòrùn àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kó má gorí ibojì ẹlòmíì. Wọ́n á ro koríko, wọ́n á fọ òkúta, wọ́n á fi ọ̀dà tún lẹ́tà tó ti ṣá kùn. Òrìṣà ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí. Ohun tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ nìyí: àbẹ́là pupa 2, tùràrí 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tíì, ọtí, odindi adìẹ sísè, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun, ọsàn. Àwọn ẹbí kan a da owó ẹyọ 2 bí ẹní ń da obì: tí ọ̀kan bá ṣojú, tí èkejì ṣẹ̀yìn, olóògbé ti jẹun tán, tí méjèèjì bá ṣe bákan náà, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún bi í. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń sun owó bébà, ìyẹn bébà tí wọ́n ṣe bí owó fún òkú, kì í ṣe owó gidi, kó sì jó kanlẹ̀, torí wọ́n gbà pé àjókù kì í dé ọwọ́ òkú. Ibi tí wàhálà ti ń wá nìyí: atẹ́gùn a gbé iná sínú koríko gbígbẹ. Inú agolo ńlá ni kí wọ́n ti sun ún, kí omi sì wà nítòsí.

Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ náà o, wọn kì í dà á nù. Bí ìgbàgbọ́ ọmọ yín ò bá gba tùràrí, òdòdó tó mú dání àti orí tó tẹ̀ ba ti tó lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹbí. Nílé ni kó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀, kó má jẹ́ pé ojú oórì ló ti máa kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bàbá ìyàwó.