Ṣé kí n fi máàkì 15 kún ti gbogbo wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ Basic Science ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìkòròdú. Nínú ìdánwò táàmù kẹta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọmọ 26 nínú 38 tó wà ní JSS 2 ni kò gba ìdajì. Ìdánwò jẹ́ 60, C.A. (iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín táàmù) jẹ́ 40. Ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ ní kí n fi máàkì 15 kún ti gbogbo wọn kí àwọn òbí má baà kó ọmọ wọn lọ. Lójú tèmi, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé gbogbo wọn ni yóò gbà á, kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Ṣé 15 ò pọ̀ jù? Báwo ni mo sì ṣe lè jẹ́ kí ìdánwò mi rọrùn díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Mo fi ìwé ìbéèrè náà ránṣẹ́ pẹ̀lú.

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Mi ò ní bá yín ṣírò bóyá 15 pọ̀ jù tàbí kò pọ̀. Gbogbo ìparí táàmù kẹta ni irú ìwé yìí máa ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ níbí ní Ẹ̀pẹ́, láti Ìkòròdú, láti Àgbádárìgì, láti àdúgbò mi pàápàá. Wọ́n ní kí ẹnì kan fi mẹ́wàá kún un, wọ́n ní kí ẹlòmíràn fi ogún. Gbólóhùn kan náà tí ẹ̀yin kọ ni gbogbo wọn sì máa ń kọ tẹ̀ lé e: gbogbo ọmọ ló gbà á, kò sí ojúsàájú. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà, torí irọ́ ni.

Ẹ mú bébà àti bírò, ká jọ wo ọmọ mẹ́ta.

Ọmọ àkọ́kọ́ gba 56 nínú 60. Ẹ fi 15 kún un, ó di 71. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń kọ máàkì ìdánwò sí lórí broadsheet, ìyẹn ìwé tí máàkì gbogbo kíláàsì wà, kò gbà ju 60 lọ, nítorí náà 4 péré ló rí gbà nínú 15 yín. Ọmọ tó gba 20 gba 15 tirẹ̀ pé pérépéré. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe iye kan náà lẹ fún wọn? Ẹni tó kàwé jù lọ nínú kíláàsì lẹ gé tirẹ̀ kù.

Ọmọ kejì gba 27. Ìbéèrè kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí ló gba máàkì 9 mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ kẹta náà gba 27, àmọ́ ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ń wò kọ. Ẹ fi 15 kún ti àwọn méjèèjì, wọ́n di 42, wọ́n jọ yege. Ẹni tí ìbéèrè yín rẹ́ jẹ kò tíì rí 9 rẹ̀ gbà o. Òun àti ẹni tó jíwèé wò ṣì jọ wà lójú kan. Torí kí a lè mọ ẹni tó mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ la ṣe ń ṣe ìdánwò, àfikún yín kò sì ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ó kàn gbé gbogbo wọn fo odi ni.

Máàkì kì í ṣe gàrí tí èèyàn ń bu ènì sí. Bí ìdí kóńgò bá tẹ̀ wọnú, kóńgò là ń tún ṣe.

Ẹ tún wo bí 15 yẹn ṣe tóbi tó. Ní ìwọ̀n A1 sí F9 tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ń lò, 40 sí 44 ni E8, 45 sí 49 ni D7, 50 sí 54 ni C6, 55 sí 59 ni C5. Ọmọ tó ní 40 nínú 100, tí ẹ bá fi 15 sí i, ti kúrò ní E8, ó ti bọ́ sí C5. Ó fo ìpele mẹ́ta láìka ojú ìwé kan kún èyí tó kà. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò jókòó ṣe BECE, ìdánwò àṣejáde JSS 3. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò mọ òbí rẹ̀, ni yóò máàkì ìwé rẹ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò bá a fi 15 kún un?

Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ ni owó oṣù yín ti ń wá, mi ò sì ní kí ẹ lọ bá a fa wàhálà. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ mú nǹkan lọ́wọ́ lọ bá a. Nǹkan yẹn wà nínú ìwé ìdáhùn tí ẹ ti máàkì.

Ẹ kó wọn jáde. Ẹ tò ó láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé orí ẹni tó gba tó kéré jù. Ẹ mú mẹ́wàá àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, ẹ mú mẹ́wàá ìkẹyìn sọ́tọ̀. (Nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tó ń yẹ ìbéèrè ìdánwò wò báyìí sábà máa ń mú lókè àti nísàlẹ̀, fún ọmọ 38, mẹ́wàá náà nìyẹn.) Wàyí o, ẹ mú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka iye ẹni tó gbà á nínú ìdì méjèèjì. Tí àwọn tòkè bá gbà á tí àwọn tìsàlẹ̀ kò gbà á, ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó gbà á nínú ìdì méjèèjì, yálà ẹ kò kọ́ wọn dáadáa tàbí ìbéèrè náà kò yé wọn. Tí àwọn tìsàlẹ̀ bá wá ń gbà á ju àwọn tòkè lọ, ẹ dúró, nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé ìdáhùn tí ẹ fi ń máàkì wò, torí ó lè jẹ́ pé C ló yẹ tí ẹ kọ B.

Mo ti ka ìwé ìbéèrè yín. Ìbéèrè 14 nínú objective ní: èwo nínú ìwọ̀nyí ni kì í ṣe ohun aláìlẹ́mìí? Kí ọmọ ọdún méjìlá máa tú "kì í ṣe" mọ́ "aláì" lábẹ́ aago, ṣé ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí lẹ ń dán wò níbẹ̀ ni? Ẹ bi í pé èwo ni ohun ẹlẹ́mìí, ó parí.

Ìbéèrè kẹta nínú theory ló dùn mí jù. Gbogbo rẹ̀ kò ju "Ṣàlàyé afẹ́fẹ́" lọ, máàkì 10. Ẹ fi mẹ́rin nínú ìwé àwọn ọmọ náà mọ́ ọn. Ọmọ kan kọ pé nitrogen tó nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, oxygen 21. Ẹ fún un ní 2. Òmíràn kọ nípa èéfín jẹnẹrétọ̀ àti èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó kọ ojú ìwé kan gbáko. Ẹ fún un ní 1. Òmíràn ní afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n, ó sì ń gba àyè, 1. Ẹni tó kọ ìwúlò afẹ́fẹ́ lẹ fún ní 8. Ìwúlò lẹ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ kò kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ irọ́ nínú àwọn mẹ́ta tó kù yẹn. Ohun tó wà lọ́kàn yín ni wọn kò mọ̀.

Bí mo bá fẹ́ béèrè rẹ̀, báyìí ni n óò ṣe é: dárúkọ gáàsì mẹ́ta tó wà nínú afẹ́fẹ́, máàkì 3, sọ iṣẹ́ kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, máàkì 3, dárúkọ ohun méjì tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ní àdúgbò rẹ, kí o sì sọ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́, máàkì 4. Kí n tó lọ tẹ ìwé ìbéèrè ni n óò ti kọ marking guide rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìdáhùn àti iye máàkì ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ kò bá lè kọ marking guide fún kò tíì pé ìbéèrè.

Fún ti ọdún yìí, ẹ gba ìdáhùn tó bá tọ̀nà nípa afẹ́fẹ́, ohun yòówù kó jẹ́, kí ẹ sì tún ìbéèrè kẹta máàkì fún gbogbo ọmọ 38, kì í ṣe fún àwọn tí òbí wọn wá pariwo nìkan. Ẹ fún gbogbo wọn ní máàkì ìbéèrè 14. Ọgbẹ́ kékeré lèyí náà máa dá sí ẹni tó ti kọ́kọ́ gbà á lára, ṣùgbọ́n máàkì kan ni, a sì lè ṣàlàyé rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ẹni tó ń bójú tó ìdánwò, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ohun tí mo ń kọ síbí kò lè rọ́pò rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ yí máàkì padà.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí tán, tí àwọn kan ṣì fìdí rẹmi, a jẹ́ pé wọn kò mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ fún òbí wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ibẹ̀ kọ́ wọn nínú ọlidé, kí wọ́n tún un ṣe. Òbí tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ òótọ́ nípa ọmọ rẹ̀.

Ẹ ní báwo ni ìdánwò ṣe lè rọrùn. Kò dìgbà tó bá rọrùn. Kó bá ohun tí ẹ kọ́ wọn mu ni. Tí ẹ bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú mẹ́wàá lórí mímí, kò yẹ kó jẹ́ máàkì mẹ́ta péré ni yóò ní nínú ìdánwò; èyí tí ẹ kò ráyè kọ́ torí eré ìdárayá, ẹ má béèrè rẹ̀ rárá. Ẹ ní kí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín jókòó dáhùn rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá lè parí rẹ̀ ní ìdajì àkókò tí ẹ fún àwọn ọmọ, ó ti gùn jù. Ẹ dákun, ẹ jìnnà sí àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp. Mo ti rí èyí tí wọ́n ti ń bi ọmọ Ẹ̀pẹ́ léèrè nípa yìnyín tó ń bo ilẹ̀, tí ìdáhùn tí wọ́n kọ sí i náà kò sì tọ̀nà.

Ti mímáàkì wá kù. Daniel Starch àti Edward Elliott ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀dà ìwé ìdáhùn jiọ́mẹ́tìrì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọdún 1913 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Ẹnì kan fún un ní ohun tí kò tó 30, ẹlòmíràn fún un ní ohun tó lé ní 90. Ìwé kan náà, ìṣirò ni o! Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń máàkì fún WAEC fi máa ń kọ́kọ́ pàdé, kí wọ́n jọ máàkì ìwé díẹ̀ kan náà kí ojú wọn lè bára mu, kí wọ́n tó pín ìwé. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú kíláàsì yín, torí náà ẹ ṣẹ́ ibi tí orúkọ wà mọ́lẹ̀, kí ẹ máàkì ìbéèrè kìíní fún gbogbo ọmọ tán kí ẹ tó bọ́ sí ìkejì. Tí ẹ bá ń máàkì odindi ìwé ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn rere tó kọ sókè ni yóò máa tan yín jẹ nísàlẹ̀. Níbi tí ìṣirò bá sì wà, ẹ ya máàkì ọ̀nà tó gbà ṣe é sọ́tọ̀ kúrò lára máàkì ìdáhùn. Ọmọ tó ṣi nọ́ńbà kan kọ ní ìlà kejì, tó sì ṣe ìyókù bó ṣe yẹ, kò tọ́ sí òdo.

Ìbéèrè kẹta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Tí ẹ bá ti kọ iye ẹni tó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú ìdì mẹ́wàá méjèèjì, ẹ fi ránṣẹ́ kí n bá yín wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orúkọ àwọn ọmọ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀; ẹ kò bò ó nínú àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí.