Ẹ Bi Wá: Kíkó Orúkọ àti Máàkì Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ Sórí Ìkànnì Ìmọ̀ràn Ẹ̀kọ́ àti Iṣẹ́

Lẹ́tà mẹ́rin láti ilẹ̀ Ọ̀kun la fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé: ìkànnì tó máa ń wo ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń ṣe àti máàkì rẹ̀, tó sì ń sọ kọ́ọ̀sì tó lè kà ní yunifásítì tàbí pólì fún un, àti iṣẹ́ tó lè ti ibẹ̀ jáde. Ohun tí ilé ìwé bá kó síbẹ̀ nìkan ni irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Ọ̀kun o. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lé ní irinwó, inú Excel la tẹ orúkọ wọn sí. Nígbà tá a tún kó wọn sórí ìkànnì ní tẹ́ẹ̀mù kejì, àwọn ọmọ kan di méjì, odo iwájú nọ́ńbà fóònù àwọn òbí sì pòórá. Kí ló fà á? (Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, Kàbà)

Ọ̀kun o, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn. Bẹ́ ẹ bá tẹ 080 sínú Excel, ó máa rò pé iye owó tàbí iye ẹrù lẹ fẹ́ kà, odo tó bá sì ṣíwájú iye ò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀, ló bá gé e dànù. Nọ́ńbà tó yẹ kó jẹ́ 11 á wá ku 10. Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ yan gbogbo òpó tẹ́ ẹ fẹ́ kọ nọ́ńbà sí, ẹ lọ sí Home, níbi tí wọ́n kọ General sí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di Text. Bí odo bá ti lọ, tí nọ́ńbà náà sì wà ní C2, ẹ kọ =TEXT(C2,"00000000000") sínú òpó tó ṣófo, odo mọ́kànlá gééré, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ lo =LEN, tó ń ka iye ohun tá a tẹ̀ síbì kan, lórí nọ́ńbà bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò bá fún yín ní 10 tàbí 11, olùtẹ̀ ló ṣì í tẹ̀. Ẹ wá òbí yẹn kàn.

Bẹ́ ẹ bá ti fi fáìlì náà pamọ́ ní CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ń pààlà sáàárín òpó), ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i mọ́. Excel á tún gé odo yẹn, á sì tún sọ àmì orí orúkọ di wúruwùru. Ẹ gba Data, From Text/CSV, ẹ yan UTF-8, ìyẹn èyí tó mọ àmì orí orúkọ kà, kẹ́ ẹ sì yan “Do not detect data types”. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, “CSV UTF-8” ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe CSV lásán.

Ti ọmọ tó di méjì ló le. Orúkọ lẹ fi ń dá ọmọ mọ̀, kọ̀ǹpútà kì í sì í wo orúkọ bí àwa ṣe ń wò ó. Ẹ wo Bọ́lá. Kíbọọ̀dù kan á tẹ ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo. Òmíràn á tẹ o lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á wá fi àmì ohùn lé e. Lójú wa, Bọ́lá ni méjèèjì. Ẹ fi =LEN wọ̀n wọ́n: ọ̀kan á fún yín ní 5, èkejì á fún yín ní 7. Ọmọ méjì nìyẹn lójú ìkànnì. Ká má tíì sọ Ọlọ́runfẹ́mi tí olùkọ́ mìíràn gé kúrú sí Fẹ́mi.

Nọ́ńbà ìgbaniwọlé ló ń yanjú ẹ̀: ọmọ kan, nọ́ńbà kan, láti JSS1 títí tó fi máa jáde. Ẹ má fi kíláàsì sínú nọ́ńbà náà, torí kíláàsì á yí padà. Bí ọmọ bá ti lọ, ẹ má fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ má sì kọ ọ́ bíi 4/22, torí Excel á sọ ọ́ di ọjọ́ nínú oṣù kẹrin. Irú KB22-0147 dáa. Ẹ wá ní òpó orúkọ méjì: ọ̀kan tó ní àmì, kí ọmọ lè rí orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìkejì láìsí àmì, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí NIN, torí orúkọ orí NIN ni JAMB máa lò.

Àwọn tó ti di méjì ńkọ́? Ẹ má kàn pa ọ̀kan rẹ́ o. Ọ̀kan lè gbé máàkì tẹ́ẹ̀mù kìíní, kí èkejì gbé ti tẹ́ẹ̀mù kejì. Ẹ ní kí àwọn oníkànnì pa wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ tó kó òmíràn wá.

Ìkànnì sọ fún ọmọbìnrin kan pé ó lè ka Nursing, bẹ́ẹ̀ kò ṣe Physics. Ọmọ mìíràn mọ iṣẹ́ ọ̀gbìn dáadáa, wọn ò dárúkọ kọ́ọ̀sì àgbẹ̀ kankan fún un. (Olùkọ́ agbaninímọ̀ràn, Mọ̀pà)

Ó jọ pé ẹ kó gbogbo SS2 Science wọlé lábẹ́ àkọlé kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìkànnì gbà pé gbogbo wọn ló ń ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ so ọmọ mọ́, kì í ṣe kíláàsì: ọmọ tó ń ṣe ẹ̀kọ́ 9 á ní ìlà 9. Nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ wo bóyá “Agric”, “Agric Sc.” àti “Agricultural Science” ló wà nínú fáìlì yín. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta nìyẹn lójú ẹ̀rọ, kò sì mọ èyí tó máa dì mú. Ẹ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní kódù kan, bíi AGR, kẹ́ ẹ lẹ ìwé kódù náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì, kí olùkọ́ kankan má dá tirẹ̀ kọ. Further Mathematics ò gbọdọ̀ lọ sábẹ́ Mathematics.

Ẹ ṣọ́ra fún 0. Ọmọ tó gba 60 àti 70, tí àìsàn ò jẹ́ kó ṣe ìdánwò kẹta, 65 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ 0 sí ẹ̀kẹta, ó di 43, ìkànnì á sì máa lé e kúrò nídìí kọ́ọ̀sì tó tọ́ sí i. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má sì fọwọ́ ara yín sọ máàkì kíláàsì di A1 tàbí C6. WAEC àti NECO ló ń fúnni ní ìyẹn.

Kí ọmọ kankan tó wọlé, ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wo ohun tí ìkànnì sọ nípa wọn. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni UTME, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Fún Nursing, mẹ́ta yòókù ni Biology, Chemistry àti Physics. Bí ìkànnì bá sọ ohun mìíràn, ẹ dáwọ́ dúró.

Àwọn oníkànnì ní OneRoster nìkan làwọn ń gbà. Ṣé ohun tuntun la máa rà ni? (Alábòójútó kọ̀ǹpútà, Ẹ̀gbẹ̀)

Rárá. Ìlànà kíkó orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti kíláàsì ránṣẹ́ ni, láti ọ̀dọ̀ àjọ 1EdTech. Ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí àjọ kan ti ń kó orúkọ ọmọ ọ̀pọ̀ ilé ìwé àdúgbò ránṣẹ́ pọ̀. CSV ni, Excel lè ṣe é: manifest, orgs, academicSessions, courses, classes, users (orúkọ àwọn èèyàn), enrollments (kíláàsì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà). Ẹ kọ orúkọ fáìlì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nọ́ńbà ìgbaniwọlé tá a ń sọ lókè yẹn lè di sourcedId yín, ìyẹn àmì tí ìlànà náà fi ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí enrollments bá dárúkọ ọmọ tí kò sí nínú users, wọ́n á ta ìlà yẹn nù. Ẹ kọ ọjọ́ báyìí: 2010-04-03. Ìkànnì Amẹ́ríkà ń ka kíláàsì láti 1 dé 12, nítorí náà SS1 jẹ́ 10, SS3 sì jẹ́ 12. Bẹ́ ẹ bá kọ SS1 sí 9, á rò pé ọdún mẹ́rin ló kù fún ọmọ.

Ẹ fi ọmọ mẹ́wàá dán an wò ná. Ẹ má sì jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dẹ́rù bà yín: orúkọ irinwó ọmọ kò wúwo tó fọ́tò kan ṣoṣo. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló ń wúwo, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ilé ìwé ní kí n kọ NIN ọmọ mi, jẹ́nótáìpù rẹ̀ àti nọ́ńbà mi wá. Ṣé dandan ni? (Òbí kan, Ìsánlú)

Nọ́ńbà yín, ó yẹ. Jẹ́nótáìpù kò ní iṣẹ́ kankan lórí ìkànnì ìmọ̀ràn ẹ̀kọ́. NIN, JAMB ló nílò rẹ̀. Kí ilé ìwé fi pamọ́ sọ́tọ̀ di ìgbà yẹn. Òfin Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023 ní kí wọ́n gba kìkì ohun tí iṣẹ́ náà bá nílò. Bó bá sì jẹ́ ìyọ̀ǹda ni wọ́n fẹ́ fi gbà á, ọwọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọ́n ti máa gba ti ọmọdé. Ẹ béèrè ẹni tó lè rí i, àti ìgbà tí wọ́n máa pa á rẹ́ lẹ́yìn SS3. Kí olùkọ́ kankan má sì fi àkójọ náà sórí WhatsApp kíláàsì.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé ọmọ yín jáde fún yín. Ọjọ́ ìbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: ọmọ tí wọ́n bí ní 03/04, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, lè di ẹni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta lórí ìkànnì tó ń ka oṣù ṣíwájú ọjọ́.