Ká tó sin eegun ẹni tí ogun gbé lọ

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Sójà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó lọ sógun abẹ́lé ní 1967, kò padà wálé mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wá pé àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé níbi tí wọ́n ti jà nígbà náà kan eegun èèyàn, pẹ̀lú bọ́tìnnì aṣọ ológun. Àwọn àgbà agboolé wa ní Ọjà'ba ti ń wá pósí. Kí ni ká ṣe? (Ọmọkùnrin agboolé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú ìrọ́jú láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tó ń ká àwọn àgbà lára yé mi. Láyé àtijọ́, bí ẹnìkan bá kú sídàálẹ̀ tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n á gé irun àti èékánná rẹ̀ wá sin. Ẹni tí ogun gbé lọ kò fi ìyẹn pàápàá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló wọ aṣọ tó ní irú bọ́tìnnì yẹn.

Kí wọ́n dáwọ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ dúró, kí wọ́n pe ọlọ́pàá, kí ẹnikẹ́ni má kó eegun sínú àpò. Bí eegun ṣe sùn nínú ilẹ̀ la fi ń mọ̀ bóyá ẹnìkan ló wà níbẹ̀ tàbí ẹni mẹ́ta.

Inú eyín àti eegun itan la sábà máa ń wá DNA sí, ìyẹn àmì inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, a ó sì fi wé ti ẹbí. Láti gba ti ẹbí, òwú la fi ń nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, kì í dunni. Ta ni ká wá nù? Bí olóògbé bá bímọ, ọmọ rẹ̀ ló dára jù. Bí kò bá bí, ẹ wá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé nílé olórogún, wọn kì í fẹ́ ká máa ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀ lára ọbàkan, àmọ́ níbi tá a dé yìí, ẹ bá mi yà wọ́n. Irú DNA kan wà tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fún ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, obìnrin nìkan ló sì ń gbé e fún ọmọ tirẹ̀. Òun ló sábà máa ń ṣẹ́ kù nínú eegun tó ti pẹ́ nílẹ̀, nítorí ó pọ̀ nínú ara ju ìyókù lọ. Nítorí náà, bó bá ní àbúrò obìnrin tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ àbúrò náà wúlò fún wa. Òmíràn wà tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan. Ìyẹn wà lára yín àti lára àwọn ọbàkan rẹ̀ ọkùnrin, ṣùgbọ́n gbogbo ọkùnrin ìdílé ló ní in, kò tó ẹ̀rí lóun nìkan. Ẹ má fi falẹ̀ o: ẹni ọdún 20 nígbà náà ti ń sún mọ́ 80.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ láàárín ara yín kí èsì tó dé. Ní ìlú Srebrenica, ní orílẹ̀-èdè Bosnia ní Yúróòpù, nígbà ogun, wọ́n pa ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 8,000 ní oṣù keje 1995. Àwọn apànìyàn náà tún fi katakata hú òkú kó lọ sí kòtò mìíràn kí àṣírí má bàa tú, débi pé eegun ẹnìkan lè wà ní kòtò bíi mélòó kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje lọ́dọọdún, wọ́n ń sin àwọn tí wọ́n ti dá mọ̀ sí itẹ́ òkú Potočari, nítòsí Srebrenica. Àwọn ẹbí kan sin ìwọ̀nba tí wọ́n rí; àwọn mìíràn ní àwọn ń dúró de ìyókù. Bó bá jẹ́ apá kan ni wọ́n rí nínú ti bàbá yín, ṣé ẹ ó sin ín? Bí wọ́n bá tún rí òmíràn, ṣé ẹ ó ṣí sàréè? Èmi á ní kí ẹ sin ín, ṣùgbọ́n ìpinnu ẹbí ni.

Ó sì lè má jẹ́ òun. A jẹ́ pé ẹbí mìíràn ló ń wá a láti ọjọ́ tí ẹ̀yin náà ti ń wá tiyín. Bí ẹ bá ti sin ín sí Ọjà'ba, báwo ni wọn yóò ṣe wá a débẹ̀?