Kì í ṣe nọ́ńbà ara lẹ́ńsì ló ń mú àwòrán mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Lẹ́ńsì 70-300mm ni mò ń lò, àmọ́ gbogbo ẹyẹ tí mo bá yà lókèèrè ló ń ṣe bàìbàì. Ẹnì kan ní kí n ra 150-600mm, ẹlòmíì ní kí n de teleconverter 2x, gíláàsì àfikún tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po méjì, mọ́ èyí tí mo ní. Èwo ni kí n rà? Mo fi àwòrán lékèélékèé kan ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí owó yín ṣì wà lápò ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì jẹ̀bi. Àwọn tó ń ta lẹ́ńsì ló ti jẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé bí nọ́ńbà ara lẹ́ńsì bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ọ̀nà jíjìn yóò ṣe mọ́ tó. Irọ́ ni. Bí nǹkan yóò ṣe tóbi tó nínú àwòrán ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ ohunkóhun nípa mímọ́. Tí ẹ bá kúrò ní 300 bọ́ sí 600, ẹyẹ á tóbi ní ìlọ́po méjì. Gbígbọ̀n ọwọ́ yín náà á di ìlọ́po méjì.

Mo fẹ àwòrán lékèélékèé yín lójú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ẹyẹ nìkan ló fà tẹ̀ẹ̀rẹ̀, koríko ẹsẹ̀ rẹ̀ náà fà, apá ibì kan náà ni gbogbo wọn sì fà sí. Ọwọ́ ló mì nìyẹn. Ká ní koríko mọ́ tí ìyẹ́ nìkan ṣe bàìbàì, mi ò bá ní ẹyẹ ló yára. Mo wá wo àkọsílẹ̀ inú fáìlì: 300mm, ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé) sì ṣí fún 1/160 ìṣẹ́jú àáyá. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ́? Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ gbé 300mm, ó kéré tán, kí ṣọ́tà wà ní 1/300. Kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) kéré bíi tiyín ń fẹ́ 1/500. Ẹyẹ tó ń fò, ẹ lọ sí 1/2000. Ẹ̀rọ ìmúdúró inú lẹ́ńsì kò lè bá ẹyẹ sọ̀rọ̀ pé kó dúró, ọwọ́ yín nìkan ló ń bá ṣe. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín kù, nítorí náà ẹ gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára gba ìmọ́lẹ̀ tó) sókè, ẹ má bẹ̀rù hóró-hóró tó bá hàn nínú àwòrán.

Ẹjọ́ kejì: agogo méjì ọ̀sán kù díẹ̀ lẹ yà á, lórí pápá gbalasa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè látorí ilẹ̀ a máa jó lójú lẹ́ńsì bí omi. Mo ti gbé lẹ́ńsì tó wọ́n ju gbogbo ẹrù mi lọ síwájú irú ooru bẹ́ẹ̀ rí, ẹyẹ tí mo yà jáde bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò.

Òkèèrè la ti í wo igi gogoro, àmọ́ òkèèrè kọ́ la ti ń ya ẹyẹ. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn dé ìdajì, 300 yín ti ṣe iṣẹ́ 600, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín yín náà sì ti dín kù.

Ní ti teleconverter 2x, ẹ gbàgbé rẹ̀. Nínú ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀, ẹyọ kan ni yóò kù: f/5.6 (ìwọ̀n bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó) á di f/11, kámẹ́rà púpọ̀ ni kò sì ní rí ibi tí yóò fojú sí mọ́. Ọ̀pọ̀ 70-300 ni kò tilẹ̀ gbà á. Ẹ ka ìwé ìlò lẹ́ńsì yín. Bí ẹ bá fi tipá dè é tí gíláàsì gbá gíláàsì, ẹ má ní èmi ni mo rán yín.

150-600mm kò burú. Ti Sigma àti ti Tamron wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù méjì, nítorí náà ẹ gbé e dání fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta (tripod), ẹsẹ̀ ara lẹ́ńsì ni kí ẹ dè mọ́ ọn, kì í ṣe ìdí kámẹ́rà. Ẹ má sì fi í wo oòrùn láé. Èmi kì í ṣe dókítà ojú, àmọ́ ìyẹn lè fọ́ yín lójú.

Ní báyìí, ẹ wá ibi tí ẹyẹ ti ń mu omi láàárọ̀ kùtù, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ fi ṣọ́tà sí 1/1000, kí ẹ fi 300 yẹn náà yà á. Ẹ fi èyí tí ẹ bá yà ránṣẹ́ sí mi.