Ìbéèrè Òǹkàwé: Gbọ̀ngàn, Omi àti Owó Àdúgbò Lórí Fọ́ọ̀nù

Ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ onílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni púpọ̀ nínú lẹ́tà oṣù yìí ti wá, bí wọ́n ṣe lè bójú tó ohun àjùmọ̀ní ló sì jẹ wọ́n lógún. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Gbọ̀ngàn àdúgbò wa là ń yá àwọn èèyàn fún ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìsìnkú. Ìwé kan báyìí la fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ akápò ló wà. Alága gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan, akápò gba ti ẹlòmíràn, Sátidé kan náà ni àwọn méjèèjì san fún. Ǹjẹ́ áàpù wà tí kò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, Òkè-Àdó)

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, kò sí áàpù tó lè di alága lọ́wọ́ mú. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò nípàdé pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa kọ ọjọ́ sílẹ̀, àti pé owó tí kò bá wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ kò gba ọjọ́ kankan fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀, Google Sheets, ìwé alápótí orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bá èèyàn ṣírò, tí a kì í sanwó fún, sì tó yín í lò.

Ẹ ṣí Gmail tuntun fún ẹgbẹ́, ẹ má lo tiyín. Tí àkọsílẹ̀ bá wà lórí Gmail akọ̀wé, ọjọ́ tó bá kó kúrò ládùúgbò ló kó o lọ. Síìmù tí ẹ bá fi ṣí i, ẹ máa fi pe èèyàn lóòrèkóòrè. Nọ́ńbà tí a pa tì fún oṣù gbọọrọ, iléeṣẹ́ fọ́ọ̀nù lè gbà á padà kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni sì ni kóòdù tí Google bá fi ránṣẹ́ yóò máa lọ.

Ẹ yá kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan láti tò ó. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀nù tó. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ sí File, Settings, kí ẹ yan United Kingdom níbi Locale. Bí ó bá wà ní United States, 05/12 tí ẹ kọ fún ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ni yóò kà á sí, 25/12 kò sì ní kà á sí ọjọ́ rárá. Òpó A ni ọjọ́, B ni àkókò ìbẹ̀rẹ̀, C ni ìparí, D ni orúkọ ẹni tó yá a, E ni nọ́ńbà fọ́ọ̀nù, F ni iye owó, G ni iye tó ti san. Ẹ fi òpó E sí Plain text, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òdo tó ṣáájú nọ́ńbà yóò já dànù. Aago méjì ọ̀sán, 14:00 ni kí ẹ kọ ọ́, torí ẹ̀rọ kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣírò.

Ẹ wá yan A2 títí dé G500, ẹ lọ sí Format, Conditional formatting, Custom formula is, ẹ kọ èyí síbẹ̀:

=COUNTIFS($A$2:$A$500,$A2,$B$2:$B$500,"<"&$C2,$C$2:$C$500,">"&$B2)>1

Ẹ yan àwọ̀ pupa. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá gbogbo òde tó bọ́ sí ọjọ́ kan náà, tó bẹ̀rẹ̀ kí ti orí ìlà yìí tó parí, tí kò sì tíì parí nígbà tí ti orí ìlà yìí bẹ̀rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń rí ara rẹ̀, ìyẹn ni 1. Tó bá ti di 2, ìlà méjèèjì á pọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fo àmì $ kankan o, bí ẹ bá fò ó, ibi tí kò yẹ ni yóò máa pọ́n.

Àìsùn máa ń dà á rú. Òde tó bẹ̀rẹ̀ ní 20:00 tó parí ní 05:00, ẹ̀rọ á gbà pé ó ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní pọ́n. Ẹ pín in sí ìlà méjì: 20:00 sí 23:59, kí ẹ wá kọ 00:00 sí 05:00 fún ọjọ́ kejì. Ẹ tún fi wákàtí méjì kún àkókò ìparí fún gbígbálẹ̀ àti kíkó àga, torí ayẹyẹ tí wọ́n ní ó parí ní 17:00, ìkòkò ọbẹ̀ ṣì lè wà nílẹ̀ ní 18:30.

Níbi Share, ẹ̀yin akọ̀wé nìkan ni kí ẹ jẹ́ Editor, ìyẹn ẹni tó lè yí àkọsílẹ̀ padà. Viewer, ẹni tó kàn lè wò ó, ni kí alága àti akápò jẹ́. Bí ẹ bá fi ìlíǹkì rẹ̀ sí WhatsApp ẹgbẹ́, ẹ rí i dájú pé Viewer ló wà. Tó bá jẹ́ Editor, ọmọ kékeré tó ń fi fọ́ọ̀nù ìyá rẹ̀ ṣeré lè pa gbogbo oṣù Kejìlá rẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, Version history yóò fi àkókò tí àyípadà dé hàn, ẹ sì lè dá àkọsílẹ̀ padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ilé 86 ni àdúgbò wa, ₦2,000 la ń dá lóṣù fún ọdẹ òru àti iná ojú títì. Ọ̀pọ̀ ló ń fi tíránsífà sanwó, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ tàbí ti ayálégbé ló ń jáde lórí alẹ́ẹ̀tì. Akápò kò mọ ilé tó san àti èyí tí kò san mọ́. (Under G)

Ìdáhùn: Ilé ni kí ẹ fún ní kóòdù, kì í ṣe onílé. Ní àyíká yunifásítì LAUTECH tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wọlé tí wọ́n ń kó jáde lọ́dọọdún, orúkọ kò dúró lójú kan. Kí kóòdù náà fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀, bíi UG014. Bí ẹ bá kọ 014 lásán, Sheets á sọ ọ́ di 14. Bí ẹ bá kọ 5/12, á sọ ọ́ di ọjọ́ oṣù. Ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára géètì, kí kálukú sì máa kọ ọ́ síbi àlàyé tó bá ń ṣe tíránsífà: «UG014 oṣù Keje». Ẹni tó bá ń tẹ kóòdù báǹkì lórí fọ́ọ̀nù onítọ́ọ̀ṣì kì í sábà rí àyè fún àlàyé, kó yáa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí akápò.

Ojú ìwé méjì ni ẹ nílò. Ẹ pe àkọ́kọ́ ní Wole: ọjọ́, kóòdù, orúkọ orí alẹ́ẹ̀tì, iye. Ẹ pe èkejì ní Ile: kóòdù ní òpó A, iye oṣù tó yẹ kí ilé náà ti san ní B, gbèsè ní C. Ní C2, ẹ kọ:

=2000*B2-SUMIF(Wole!B:B,A2,Wole!D:D)

kí ẹ fà á dé ìlà 87. Ilé tó yẹ kó ti san oṣù 7, tó sì ti san ₦10,000, gbèsè ₦4,000 ni yóò jáde fún un. Tí àmì ìyọkúrò bá ṣáájú iye, ó ti san sílẹ̀ nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí akápò tẹ lẹ́tà O dípò òdo. UGO14 àti UG014 jọra lójú èèyàn, wọn kò jọra lójú ẹ̀rọ, ẹni tó ti sanwó á sì di onígbèsè. Kí ó má máa fọwọ́ tẹ kóòdù: ẹ lo Data validation fún òpó B nínú Wole, kó máa mú un láti inú Ile!A2:A87. Owó tí ẹ kò bá mọ ilé tó ni ín, ẹ kọ ÀÌMỌ̀ sí òpó orúkọ, kí ẹ fi àyè kóòdù sílẹ̀ lófìfo títí ẹni tó ni ín yóò fi yọjú. Ẹ má méfò.

Níparí oṣù, ẹ gba àkọsílẹ̀ báǹkì kí ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Bí gbogbo ilé bá san, ₦172,000 ni. Tí Wole bá fi jù bẹ́ẹ̀ hàn, ẹnì kan ti san àsansílẹ̀ tàbí gbèsè ẹ̀yìn, tàbí a ti kọ owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán alẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo inú àkáǹtì.

Ìbéèrè: Epo jẹnẹrétọ̀ bọ́ọ̀hóòlù wa ń jẹ owó ju omi tí à ń tà lọ. Ẹni tó ń tà á ní òun kò jí owó. Kí ni ká máa kọ sílẹ̀ láti mọ òótọ́? (Ìjerù)

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ. Táńkì 5,000 lítà kan, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà 200 ni. Bí ẹ bá ń ta kẹ́ẹ̀gì ní ₦20, ₦4,000 ló yẹ kó wọlé. Tó bá jẹ́ ₦3,200, omi kẹ́ẹ̀gì 40 ti gba ibòmíràn lọ, bóyá sínú kẹ́ẹ̀gì ńlá tí wọ́n san owó 25 lítà fún, bóyá sínú ilẹ̀.

Ẹ ní kí púlọ́ńbà fi mítà omi sí ẹnu páìpù tó ti inú táńkì jáde, kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Nọ́ńbà dúdú orí rẹ̀, 1 jẹ́ 1,000 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 40. Ẹ wá ṣe Google Forms, fọ́ọ̀mù tí a ń kọ ìdáhùn sí lórí fọ́ọ̀nù, oníbèérè mẹ́rin fún ẹni tó ń tà á: nọ́ńbà mítà láàárọ̀, nọ́ńbà mítà nírọ̀lẹ́, wákàtí tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́, owó tó wọlé. Ẹ má ní kó máa fi fọ́tò sínú Forms, yóò ní kó kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú Gmail. WhatsApp ni kó fi fọ́tò mítà sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ ka mítà. Ẹ tún un kà ní ìdájí. Bó bá ti sún, ibi tó ń jò wà láàárín mítà àti ẹnu ẹ̀rọ. Bí mítà kò bá sún ṣùgbọ́n tí omi táńkì fà, táńkì fúnra rẹ̀ tàbí páìpù tó ṣáájú mítà ni.

Wákàtí pọ́ǹpù ni èèyàn kì í kà sí, òun gan-an ló sì ń fọhùn jù. Orí àpáta ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà, omi inú lílà àpáta ni bọ́ọ̀hóòlù ń fà. Bí táńkì tó ń kún ní wákàtí méjì bá di wákàtí mẹ́rin nínú oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, ọ̀gbẹlẹ̀ lè ti fa omi lọ sísàlẹ̀. Ẹ dín wákàtí kù, kí pọ́ǹpù má ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ kó jóná. Bó bá ṣẹlẹ̀ láàárín òjò, pọ́ǹpù ti ń gbó tàbí páìpù inú kànga ti lu. Epo tí wákàtí méjì àfikún yẹn ń jẹ lójoojúmọ́ ni ẹ fi ń pe ẹni ẹlẹ́ni lólè.

Ìbéèrè: Alága wa fẹ́ máa fi orúkọ onígbèsè àti nọ́ńbà wọn síta lórí WhatsApp. Ṣé ó dára? (Obìnrin onílé kan, Tákíè)

Ìdáhùn: Rárá, mà. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, nọ́ńbà fọ́ọ̀nù èèyàn sì wà lára ohun tó ń dáàbò bò. Ẹ fi iye tó wọlé, iye tó jáde àti àpapọ̀ gbèsè síta. Gbèsè kálukú, ẹ fi ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Àwọn bàbá wa tí kò ní fọ́ọ̀nù ńlá ńkọ́? (Akápò, Másífà)

Ìdáhùn: Ẹ tẹ ojú ìwé kan jáde lóṣooṣù kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá san owó lọ́wọ́, rísíìtì alábala méjì ni, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rísíìtì náà sínú Wole.

Ìbéèrè: Wọ́n gbé sọ́fítíwíà ẹ́sítéètì kan wá bá wa, oníkóòdù àlejò àti gbogbo ẹ̀. Ká rà á? (Alága, ẹ́sítéètì tuntun kan)

Ìdáhùn: Bí ẹ kò bá ní géètì kan ṣoṣo àti ẹni tí ẹ ń sanwó fún láti jókòó tì í, kóòdù àlejò kò wúlò fún yín. Bí ẹ bá ní méjèèjì, ẹ béèrè bóyá iye ilé ni wọ́n fi ń ṣírò owó, àti bóyá náírà ni tàbí dọ́là. Ẹ sì ní kí wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde sínú Excel lójú yín, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.