Ṣé fítámìnì lè gba ọpọlọ lọ́wọ́ ògógóró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń mu ògógóró láràárọ̀. Ní báyìí, wọ́n á bi èèyàn ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì máa ròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní kí n máa ra B-complex, àkópọ̀ àwọn fítámìnì B, fún wọn. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́? (Olùkàwé kan, Òkìtìpupa)

ÌDÁHÙN: Fítámìnì B1, ọ̀kan lára àwọn tó wà nínú B-complex, tí wọ́n ń pè ní thiamine, lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Òun ni ọpọlọ fi ń sọ ṣúgà di agbára. Èyí tó wà nípamọ́ lára kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 30 lọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló sì lè gbé èèyàn dé. Ọtí kì í jẹ́ kí ìfun fà á dáadáa, ó ń ba ẹ̀dọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́, ẹni tí ọtí sì ti wọ̀ lára kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun.

Ìròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ yẹn ló kọ wá lóminú. Bàbá yín ò purọ́. Ó jọ pé ọpọlọ wọn ló ń fi àròsọ dí àlàfo. Korsakoff, dókítà ará Rọ́ṣíà, ti ṣàpèjúwe àìsàn yìí láti 1887. Kó tó dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láìmutí, kí ojú máa rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí kí orí dàrú. Ẹ má dúró kó pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lónìí.

Oògùn ẹnu ò tó fún irú èyí. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní B1, ó sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n tó dín in kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so dríìpù ṣúgà mọ́ wọn nílé: ṣúgà tó bá wọlé nígbà tí B1 ti ń tán á gbá ìyókù lọ, ọpọlọ á sì bàjẹ́ sí i. Kí B1 ṣáájú. Kí wọ́n yẹ èròjà magnesium tó wà lára wọn náà wò, torí B1 kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ láìsí i. Ẹ má sì já ọtí gbà lọ́wọ́ wọn lójijì, ó lè fa gìrì.

Ní ti B-complex, ẹ ka ara páálí rẹ̀: B1 inú ọ̀pọ̀ wọn ò ju mílígíráàmù díẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé mílígíráàmù 200 sí 300 lójúmọ́ ni dókítà sábà máa ń kọ fún ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára láti máa lò lẹ́nu. Àìtó fítámìnì nìkan ló sì ń dí. Kò sọ ọtí di omi. Methanol, ọtí olóró tó máa ń wà nínú ayédèrú ògógóró, irú èyí tó pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní 2015, B1 ò rí i gbé ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Oúnjẹ wo ni B1 wà nínú rẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé kòkòrò sányán tí àwọn kan máa ń jẹ ń ba orí jẹ́?

ÌDÁHÙN: Ó wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ìrẹsì ọ̀fadà. Ẹ má fi kán-ún se ẹ̀wà yẹn. Ó ń pa B1. Gààrí ò ní tó nǹkan.

Kòkòrò sányán ní èròjà kan tó ń fọ́ B1 sí wẹ́wẹ́, iná díẹ̀ ò sì ràn án. Ẹni tó jẹ ẹ́ nígbà òjò, tó sì jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ ṣáá, lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ó má lè dá rìn. B1 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.